Yàrá Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Tíṣà

Aránṣọ ni mí. Ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì ló gbé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Fèrèsé mẹ́rìnlá ló wà ní yàrá ìkàwé wọn, oòrùn sì ti jẹ àwọn kọ́tìnnì àtijọ́ títí wọ́n fi ń ya bí ìwé. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, torí mi ò tíì bá ẹ̀gbọ́n mi gbé ju ọjọ́ méjì lọ láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé pé màá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó dàgbà ju ọmọ mi lọ, tí màá máa ka ohun tó ń kọ fún ọkùnrin tí kò ríran, tí ọkùnrin náà yóò sì máa tún un ṣe, màá ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran ni. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi náà kò ríran. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí àìsàn kan mú ojú rẹ̀ lọ. Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Tíṣà, títí kan ìyàwó rẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń pè é ní Bọ̀dá. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn yàrá ìkàwé ni iṣẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù wà. Ibẹ̀ ló ti ń sọ ìwé tí ojú ń kà di ìwé tí ìka ń kà, èyí tí wọ́n ń pè ní bíréèlì, tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ kìkì àmì kéékèèké tó yọ sókè lórí pépà.

Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú yàrá yẹn. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ tó ń tẹ bíréèlì, ó tóbi tó àpótí aṣọ, ariwo rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí òjò oníyìnyín ń rọ̀ sórí páànù. Èkejì ni kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún un. Kọ̀ǹpútà náà ti fìgbà kan funfun rí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí aṣọ funfun tó pẹ́ nínú àpótí. Wọn ò lè pààrọ̀ rẹ̀, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹnu wáyà rẹ̀ fẹ̀ ju ihò tó wà lára àwọn kọ̀ǹpútà ìsinsìnyí lọ, ètò tó ń darí rẹ̀ náà kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ibi tí ọ̀kan bá kú sí, èkejì ò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, kọ̀ǹpútà náà kọ̀, kò dìde. Wọ́n tàn án, iná rẹ̀ tàn, ó sì dúró síbẹ̀. Ohùn kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń ka gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún Tíṣà. Lọ́jọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí àwọn ọmọ kíláàsì tó kẹ́yìn ṣe ìdánwò àṣejáde. Àwọn mẹ́sàn-án ni, ìwé tí wọ́n máa fi múra sílẹ̀ ò sì tíì tẹ̀ dé ìdajì.

Ọkùnrin tó máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe dé lọ́jọ́ kejì. Onísuúrù èèyàn ni, ó sì mọ iṣẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún wákàtí kan, ó ní ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ ti dàrú, àti pé háàdì rẹ̀ ti ń rẹ̀. Háàdì ni irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tó bá mọ̀ sí. Ó ní ohun tó kù ni kí òun fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí òun nù ún mọ́ pátápátá kí òun sì tún ètò tuntun gbé sí i. Ohun tó bá wà níbẹ̀ máa lọ. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, obìnrin tí kì í tètè sọ̀rọ̀, fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

Tíṣà béèrè bóyá ètò ló bàjẹ́ tàbí àwọn ìwé òun. Ọkùnrin náà ní ètò ni, ṣùgbọ́n inú yàrá kan náà ni ètò àti ìwé jọ ń gbé, kò sí bí òun ṣe máa fọ yàrá tí òun ò ní fọ ẹrù inú rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ìwé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Àwọn ẹ̀dà tí Tíṣà ti ṣe sórí síìdì tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́ débi pé kò sẹ́ni tó lè ṣí wọn mọ́. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá háàdì àlòkù kan láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú síìdì tí ètò àtijọ́ náà wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pè é pé ìyàwó rẹ̀ ti bímọ níbi tó lọ dúró sí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kó tó padà.

Àárọ̀ Sátidé ni Tíṣà wá bá mi níbi tí mo ti ń wọn fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kàwé fún un tí ohùn inú kọ̀ǹpútà kò bá sí, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ló wà fún un ní ọsibítù láti àárọ̀ títí di alẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Àbúrò, ojú rẹ ni mo wá yá."

Mo sọ fún un pé yàtọ̀ sí fóònù mi, mi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, kí n má lọ bá wọn ba nǹkan jẹ́.

"Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́," ó ní. "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ohun tó rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ ló máa kà fún mi. Ìwọ, ohun tó bá wà níbẹ̀ lo máa kà."

A wọ yàrá kékeré náà. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó yọ wáyà iná rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè rẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀gá aránṣọ tó lè ki okùn bọ abẹ́rẹ́ láìwò ó, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irú ọwọ́ yẹn. Ìka rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rìn yí ká ohun tó fẹ́ mú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó tó mú un. Gbogbo súkúrù tó bá yọ ló ń tò sínú àwo páánù tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń yan kéèkì, súkúrù kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra jáde. Ó yọ háàdì tó ń ṣàìsàn, ó gbé e sápá òsì tábìlì. Ó gbé àlòkù sápá ọ̀tún. Ó wá sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún mi.

Ó ní àlòkù yìí ni òun máa fọ́máàtì, ṣùgbọ́n kó tó dìgbà yẹn, òun máa pín in sí méjì. Yàrá kékeré máa wà fún ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, yàrá ńlá máa wà fún ìwé.

"Ètò yẹn, ayálégbé oníwàhálà ni," ó ní. "Gbogbo ọdún méjì-mẹ́ta ló máa ń ba ilé jẹ́. Bí wọ́n bá jọ ń sun yàrá kan, ọjọ́ tí mo bá lé e jáde, ẹrù mi bá a lọ. Bí ó bá ní yàrá tirẹ̀, màá lé e, màá fọ ibẹ̀, màá gba òmíràn wọlé, àwọn ìwé mi ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó yé mi ju bí mo ṣe rò lọ. Bí yàrá méjèèjì bá ti délẹ̀, a ó wá so háàdì tó ń ṣàìsàn mọ́ ọn, ká kó àwọn ìwé kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú pátápátá. Títí dìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan èyí tó ń ṣàìsàn.

Tíṣà lọ sínú yàrá ìkàwé láti mú ìwé kan. Nígbà tí kò sí níbẹ̀, mo rí i pé eruku àti epo díẹ̀ ti wà lórí tábìlì, mo sì fẹ́ tẹ́ aṣọ sí i. Mo gbé irin méjèèjì sókè, mo tẹ́ aṣọ mi, mo sì gbé wọn padà. Ohun tí mo ṣe ò ju ìyẹn lọ.

Ìwé tó lọ mú náà nípọn tó búlọ́ọ̀kù. Ìwé bíréèlì ni, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́. Nínú rẹ̀ ni gbogbo ohun tó máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà wà, láti ìgbà tí èèyàn bá fi síìdì sí i títí tí ètò tuntun yóò fi wọlé tán: ojú ewé kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tó máa fara hàn, àti bọ́tìnnì tí èèyàn máa tẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì lé e, ó fi ọwọ́ ọ̀tún so háàdì tó wà lápá ọ̀tún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì tan iná.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà di aláwọ̀ aró, lẹ́tà funfun kún un. Mo ń kà, ìka rẹ̀ ń sáré lórí ewé, yóò ní "ẹ̀n-ẹ́n," yóò tẹ bọ́tìnnì kan, nǹkan mìíràn yóò hàn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn ìlà tó jọ pé kò wúlò. Ó mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ìlà méjì ló kù nísàlẹ̀ tí mi ò kà. Mo wò ó, òótọ́ ni. Láti ìgbà yẹn, mi ò fo nǹkan kan mọ́, àní àmì ìdánudúró.

A dé ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi háàdì tó rí hàn, tó ń béèrè apá tí a fẹ́ kó nù. Ó ní kí n ka iye tí wọ́n kọ sí i, ìyẹn bí àyè inú rẹ̀ ṣe tó, ní ẹyọ-ẹyọ.

"Mẹ́ta," mo ní. "Mẹ́jọ. Ọ̀kan. Márùn-ún. Mẹ́rin."

Kò sọ "ẹ̀n-ẹ́n." Ìka rẹ̀ dúró sójú kan lórí ewé.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Mẹ́ta, mẹ́jọ, ọ̀kan, márùn-ún, mẹ́rin. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí bọ́tìnnì, ó gbé ti òsì kúrò lórí ìwé, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, bí ọmọ tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kan nǹkan. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́ bóyá ẹnì kan gbé àwọn irin tó wà lórí tábìlì.

Mo rántí aṣọ tí mo tẹ́. Mo gbé wọn padà, ṣùgbọ́n mi ò wo èyí tó wà lọ́tùn-ún àti èyí tó wà lósì. Lójú mi, irin ni irin. Èyí tó ń ṣàìsàn ni a so mọ́ kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ló wà níwájú wa yẹn, bọ́tìnnì mẹ́ta péré ló sì kù kó di òfo. Mo sọ fún un.

"Èmi ni mo jẹ̀bi," ó ní. "Mi ò fi àmì sí i. Mo tún gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó jọ ti ẹni tí mo mọ̀, mo sì ní kí etí mi dákẹ́."

Mo bi í pé nígbà tó mọ iye tó yẹ kó wà níbẹ̀, kí ló dé tí kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní ká ní òun ti sọ fún mi ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iye tí òun sọ yẹn gan-an ni mo máa rí. Kò sì bá mi wí rárá. Èmi tí mo ti ń fi kọ́tìnnì mẹ́rìnlá yangàn fún ẹ̀gbọ́n mi, mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó sì yọ irin náà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n ṣe nǹkan kan. Mo já okùn tó nípọn láti inú àpò iṣẹ́ mi, mo dì í yí ká èyí tó ń ṣàìsàn, mo sì ta kókó mẹ́ta lé ara wọn lórí rẹ̀. Tíṣà fi àtàǹpàkò kan kókó náà, ó ní ó dára, ó kà bí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ó ti dúrọ́ọ̀ náà, ó sì so àlòkù mọ́ kọ̀ǹpútà.

A tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Lọ́tẹ̀ yìí ohun tí mo kà ni méje, mẹ́fà, mẹ́ta, ọ̀kan, méje. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. Síbẹ̀, ó ní kí n tún un kà. Ẹrù ẹni tó ti lò ó tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, a sì ní láti pa ìyẹn rẹ́ kí a tó pín in. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá ó dá wa lójú. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀nà mìíràn. Tíṣà jẹ́ kí n ka ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tó tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn. Ẹrù náà pòórá. Kò pariwo, kò jó. Ìlà kan kàn yí padà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibẹ̀ ṣófo.

Ó wá gé e. Ó tẹ ọ̀kẹ́ kan sí i, méjì àti òdo mẹ́rin, fún yàrá ètò, mo kà á fún un lójú kọ̀ǹpútà bí ó ṣe ń tẹ òdo kọ̀ọ̀kan, torí òdo kan tó bá sọnù, yàrá náà á há bí ihò eku. Èyí tó kù, ẹgbàá méjìdínlọ́gbọ̀n àti díẹ̀, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwé. Nígbà tí mo rí ìlà méjèèjì níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀, inú mi dùn bí ìgbà tí mo bá gé aṣọ olówó iyebíye tí àlùmọ́gàjí mi ò sì yẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fọ́máàtì yàrá kan, ọ̀kan yá, èkejì lọ́ra. Ó mú èyí tó lọ́ra, torí ìyẹn ló máa ń yẹ gbogbo igun wò bóyá ibì kan ti bàjẹ́. Ìlà aláwọ̀ òféèfèé kan bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá ti fi márùn-ún kún un nínú ọgọ́rùn-ún, màá sọ fún un, yóò mi orí, yóò sì tún dẹ etí sí irin náà.

Níbi tí a ti ń dúró yẹn ni mo ti bi í nípa ìwé bíréèlì tó nípọn náà. Ó ní ní ọdún kẹsàn-án sẹ́yìn, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé kọ̀ǹpútà náà ń fà. Ó fẹ́ ṣe é lóore. Nígbà tí Tíṣà wà ní kíláàsì, ó bá a fọ́máàtì rẹ̀, ó sì wá fi ìdùnnú sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ti ń sáré báyìí. Iṣẹ́ ọdún méjì ló lọ. Tíṣà ní òun ò lè bínú sí i, torí ọkùnrin náà sunkún ju òun lọ. Ṣùgbọ́n ó pinnu pé kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe sí kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ tí òun kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wá kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti pa tì, ó sì fi odindi ọlidé gbé ètò wọ inú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọlé, ní ìgbà mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ka ojú rẹ̀ fún un. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà yẹn, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó sì ń kà. Ohun tó bá kà ni Tíṣà ń gbẹ́ sórí pépà.

"Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ó yẹ kí n pín in," ó ní. "Mo ń sọ pé lọ́la, lọ́la. Ọdún mẹ́sàn-án ni lọ́la náà."

Mo wo ọkùnrin tó jókòó síwájú mi. Láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, àánú rẹ̀ ni mo máa ń ṣe. N kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo máa ń gbé ìjókòó kúrò lọ́nà fún un kó tó dé ibẹ̀, mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni pé adití ni. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn.

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀ kí ètò tó wọlé tán. Ó fi síìdì mìíràn sí i, èyí tí ohùn náà wà lórí rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì mẹ́rin, a sì dúró. Sípíkà dún gìrì. Ohùn kan tó dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rín gba ojú Tíṣà kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jẹun, iṣẹ́ ojú ti parí. Mi ò lọ.

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó wá kókó mẹ́ta náà kàn, ó sì so háàdì tó ń ṣàìsàn mọ́ kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí èkejì. Kò kó gbogbo ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ìdánwò ló kọ́kọ́ kó, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìwé kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó kó tó bí ogún ìwé, irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀, kẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀. Tíṣà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó ní ó ti gbóná jù, kó lọ sinmi. Mo gbé fáànù orí tábìlì wá, mo dojú rẹ̀ kọ irin náà bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó fún un ní ìdajì wákàtí. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dá a dúró bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìgbà kankan tí mo rí i pé ó ń kánjú. Bí ojú èmi ṣe ń wo aago, bẹ́ẹ̀ ni etí tirẹ̀ wà lára irin.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, ìwé márùndínlọ́gọ́ta ti wọ yàrá ńlá. Ọ̀kan ṣoṣo ló kọ̀. Ìwé ìtàn àwọn ọmọ kéékèèké ni, ó gùn tó ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé ní bíréèlì. Tíṣà gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà kẹrin ó ṣíwọ́. Ó ní òun ò fẹ́ fi ipá gba nǹkan lọ́wọ́ aláìsàn.

Ó tẹ ojú ewé kan jáde láti dán ẹ̀rọ wò. Òjò oníyìnyín rọ̀ sórí páànù. Ó fa pépà náà yọ, ó gbé ìka lé e, ó rìn díẹ̀, ó sì dúró. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Àṣìṣe kan ló rí nínú ìṣirò kẹrin, nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ ní ọdún kẹfà sẹ́yìn: ó kọ mẹ́jọ síbi tó yẹ kí mẹ́fà wà.

"Ẹ wo iye ọmọ tí mo ti fìyà jẹ," ó ní. Ó tún un ṣe kó tó tẹ ìyókù.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ mẹ́sàn-án náà gba ìwé wọn. Èmi ni mo fi okùn kọ́tìnnì di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré náà fún ìgbà pípẹ́, ó ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún, ó sì yí padà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn ọmọ ṣe ìdánwò, gbogbo wọn ló sì yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn sọ fún Tíṣà pé ọpọlọ òun ló ṣe é, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Tíṣà gbà fún un.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe padà dé nígbà tí mo ti ń so kọ́tìnnì kọ́. Ó ti múra láti bá wọn kẹ́dùn. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó rí yàrá méjèèjì, ó ṣí èyí tó tóbi, ó sì ń ka orúkọ ìwé lọ sísàlẹ̀. Ó bi mí pé ta ni wọ́n pè. Mo sọ fún un. Ó wo Tíṣà, tó ń bọ́ pépà sẹ́nu ẹ̀rọ lápá kejì yàrá, ó fa àga, ó sì jókòó tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, ìbéèrè gidi, bí ọ̀gá ṣe ń bi ọ̀gá. Nígbà tó ń lọ, ó gbé háàdì tó ń ṣàìsàn dání láti lọ wò ó bóyá òun lè rí ìwé tó ṣẹ́kù. Kò rí i. Ó wá sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì jọ pé ó dùn ún ju bó ṣe dun Tíṣà lọ.

Èyí tí ojú ń kà lára ìwé ìtàn náà ṣì wà ní yàrá ìkàwé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé màá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún ìgbà tí mo máa lò. Ọ̀sán-ọ̀sán, bí kíláàsì bá ti parí, mo máa ń ka ìwé náà sókè, Tíṣà á sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú yàrá ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun rò pé òun ni mo wá kí. A ti dé orí kẹrin. Ìjàpá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń yí ohùn padà fún, àwọn ọmọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti gbọ́.